Kòkòrò Tí Kámẹ́rà Mi Ò Lè Rí

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó wa sí ìyọnu. Kòkòrò ni ọ̀rọ̀ náà. Bí èèrà bá ń rìn lórí tábìlì, kòkòrò là ń pè é. Ohun tó ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò, kòkòrò ni. Bí dókítà bá sì ní nǹkan kan ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni, nǹkan tí ojú lásán ò lè rí, kòkòrò náà ni yóò pè é. Gbogbo wa là ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ èyí tí à ń wí. Màmá mi ṣì í gbọ́ lọ́jọ́ kan. Èmi ò ṣì í gbọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n rò, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì pa ẹnu mi dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ẹ̀mí wọn sì ń bẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Mowe. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi, bẹ́ńṣì méjì péré ló gbà, ó wà lójú títì kékeré kan tó ya wọlé láti márosẹ̀. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ni mò ń yà níbẹ̀, fún ọmọ ilé-ìwé àti ẹni tó ń wáṣẹ́. Nígbà tó yá, fóònù gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ló di ayàwòrán, títí dórí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ní àkókò òjò ọdún kan, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tí ẹnikẹ́ni ò yà wọlé. Inú ń bí mi. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ju èèpo rẹ̀ sórí tábìlì, kantíkantí kan sì bà lé e. Mo rántí pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ rí pé bí èèyàn bá yọ lẹ́ńsì, tó yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, tó wá fi ọwọ́ dì í mọ́ ẹnu kámẹ́rà, nǹkan bíńtín á di ńlá. Mo gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ gbà mí o! Ojú kantíkantí náà pọ́n, ó sì rí wẹ́wẹ́wẹ́ bí ojú asẹ́. Irun wà ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Mo pariwo débi pé obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó rò pé ejò ni.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ya kòkòrò nìyẹn. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa tí olówó rẹ̀ ò tíì kọ́, koríko ti bò ó. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ dojú bolẹ̀. Mo ya tanpẹ́pẹ́, mo ya eégbọn etí ajá, mo ya ìdun tí mo mú nínú bẹ́ńṣì ara mi, mo ya iná orí lórí irun ọmọ oníbúrẹ́dì. Iṣẹ́ náà gba sùúrù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ibi tó máa ń mọ́ gaara nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ò nípọn tó bébà, bí mo bá mí báyìí, ó ti bà jẹ́. Mo ní láti di èémí mú, kí n sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí n má ṣẹ́jú. Mo fi ọ̀rá funfun tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì bo iná fíláàṣì kí ìmọ́lẹ̀ má baà le jù. Lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin kan tó ń ti Kámpù àdúrà bọ̀ rí mi nínú koríko, wọ́n rò pé wárápá ló gbé mi. Kí n tó dìde, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Èmi náà ṣe àmín, torí pé kòkòrò tí mò ń yà ti fò lọ.

Mo máa ń gbé àwọn fọ́tò náà sórí fóònù. Àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, ní ìlú tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, máa ń kí mi kú iṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó kí mi, ẹni náà ò sì kí mi.

Màmá mi ń gbé ní Ifọ̀. Láti Ìkirun ni àwọn àti bàbá mi ti wá, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Aránṣọ ni Màmá, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi rán aṣọ títí wọ́n fi lé ní àádọ́rin ọdún. Wọn ò fẹ́ oníná, wọ́n ní èèyàn tí kò bá tẹ máṣíìnì kò tíì ránṣọ. Ẹnu wọn mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ. Ọmọ méjì ni wọ́n bí tó dúró, èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Ìbafo ni àbúrò mi kọ́lé sí, ó ń jí lọ síṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó lójoojúmọ́. Bí àlejò bá dé, Màmá á ní, “Èyí ni ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó.” Wọ́n á wá nawọ́ sí mi, wọ́n á ní, “Èyí ni èyí tó ń ya ìdun.” Bí mo bá bínú, wọ́n á tún fi kún un pé, “Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹni tí ò rí èèyàn yà níí ya eṣinṣin.”

Mo ya èèrà méjì nígbà kan tí wọ́n ń fẹnu kan ẹnu. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà láyé mi, òun ni mo fẹ́ràn jù. Mo ṣe é sí férémù, mo gbé e lọ fún Màmá. Nígbà tí mo padà dé Ifọ̀, wọ́n ti fi dí ibi tí nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ti ya, kí ẹ̀fọn má baà rọ́nà wọlé. Mo ní, “Màmá, kí lẹ wá ṣe báyìí?” Wọ́n ní, “Ṣé kòkòrò kọ́ ni? Kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jà.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò tó gbé mi padà sí Mowe, mo sunkún bí ọmọdé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì!

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó ṣẹ́ ló wọ Màmá lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbi tí wọ́n fi ń tẹ máṣíìnì. Wọn ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí lórí irin ló jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wò. Kò dùn wọ́n rárá, wọ́n sì ń fi yangàn fún àwọn aládùúgbò pé ara àwọn le, abẹ́rẹ́ wọlé àwọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, egbò náà ò jiná. Wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ń tú ìyẹ̀fun inú kápúsù pupa àti yẹ́lò sínú rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe.

Èmi ni mo fi agídí mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yin ara mi, torí pé òun nìkan ni ohun rere tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì gún wọn lọ́wọ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó tẹ ẹsẹ̀ náà káàkiri, ó ń bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní rárá. Ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó ní, “Màmá, àtọ̀gbẹ ti wà lára yín, ṣúgà yín ga gan-an. Òun ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora mọ́. Kòkòrò sì ti wọ inú egbò yìí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́.” Ó kọ lẹ́tà, ó fún wa.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa padà sílé, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kòkòrò! Ojú lásán ló fi wò ó o, ó ní òun rí kòkòrò. Ṣé òun ní kámẹ́rà ni?” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ lo ní ẹ̀rọ tó ń rí kòkòrò. O rí iná orí, o rí ìdí ẹ̀fọn. Dákun, Ìyá mi, bá mi wò ó. Bó bá wà níbẹ̀, màá lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n fi mí sílẹ̀.”

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ ò pọ̀. “Màmá, kòkòrò tí nọ́ọ̀sì ń wí kì í ṣe irú èyí tí mò ń yà. Ó kéré ju èyí tí ẹ̀rọ mi lè rí lọ, lábù nìkan ló lè rí i.” Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ìsọdá rélùwéè, mo lè ti sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí ní Ìyá mi. Wọ́n ní dákun. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya kòkòrò, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá ní ohun kan í fi iṣẹ́ mi ṣe, yàtọ̀ sí ihò fèrèsé. Mo ní, “Kò burú, Màmá. A máa wò ó.”

Nígbà tí a délé, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ náà, wọ́n pààrọ̀ ìró, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn sórí àpótí, mo kúnlẹ̀, mo yí lẹ́ńsì padà, mo di èémí mú. Mo rí ìyẹ̀fun yẹ́lò inú kápúsù, ó rí wúruwùru bí gààrí. Mo rí etí egbò náà tó funfun bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ pẹ́. Mo rí fọ́nrán òwú búlúù kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, òwú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rán lọ́wọ́. Mo ya mẹ́tàdínlógún.

Wọ́n ní, “Kí lo rí?”

Mo ní, “Mi ò rí kòkòrò kankan, Màmá.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo ti tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò nígbà tí kò níye, n kò rí irọ́ kankan nínú ẹ̀, irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi sì ni. Màmá pàtẹ́wọ́. “Mo ní! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?” Wọ́n pe aládùúgbò wọn láti ẹnu fèrèsé, wọ́n ní kó wá wo ọmọ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́. Wọ́n ro ọkà fún mi, wọ́n sì fi ẹran tó tóbi jù sí tèmi. Wọ́n gbàdúrà fún ọwọ́ mi. Mo jẹ ẹran náà tán.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni mò ń gbé kámẹ́rà lọ sí Ifọ̀. Mo ń wọ mọ́tò méjì àti ọ̀kadà kan. Wọ́n á ti wẹsẹ̀ kí n tó dé. Lẹ́tà nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ rédíò, kò kúrò níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé, “Màmá, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ lọ nítorí ṣúgà yẹn.” Wọ́n á ní àwọn ò fi ṣúgà sínú ògì mọ́, kí ni mo tún fẹ́. Mi ò tẹnu mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo lè tẹnu mọ́ nǹkan títí ilẹ̀ á fi mì. Èyí, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì gbé kámẹ́rà.

Àbúrò mi pè mí lórí fóònù láti Ìbafo. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ?”

Mo ní, “Màmá ò gbà.”

“Wọ́n ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Kámẹ́rà mi.”

Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú, ṣé kámẹ́rà ń wo àìsàn ni?”

Ara mi gbóná. Òótọ́ tó sọ ló bí mi nínú, irọ́ ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ọmọ àná yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Èmi tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́? Ìwọ tí o kì í yọjú sí Ifọ̀ àfi lọ́dún, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú Màmá?” Ó ní kí n má bínú. Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, bí mo bá ti pariwo, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó bẹ̀ mí, mo pa fóònù. Ká ní kò bẹ̀ mí ni, ká ní ó bú mi padà, bóyá ì bá gba Màmá là.

Ní Sátidé karùn-ún, mo ṣílẹ̀kùn, òórùn káńfọ̀ gbá mi nímú. Màmá ti kó káńfọ̀ sí gbogbo igun yàrá, kí n má baà gbọ́ òórùn kejì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé mo máa ń ya òkú alángbá àti òkú eku lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ wọlé. Wọ́n ní, “Wọlé, kí lò ń wò? Ìpara tuntun tí wọ́n tà fún mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀.” Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí fúnra wọn. Àtàǹpàkò ti dúdú kọjá àwọ̀ ara wọn.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n gbé wọn pọ̀n nígbà náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo yí lẹ́ńsì padà, torí pé ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo sún mọ́ ọn. Lábẹ́ etí egbò náà, níbi tí awọ ara ti ká sókè, mo rí ohun funfun kan tó tò pọ̀ jọ bí hóró ìrẹsì. Mo dá a mọ̀ kí n tó rò ó. Àkókò òjò kan ò tíì kọjá láti ìgbà tí mo ya irú ẹ̀ lára òkú alángbá, àwọn èèyàn sì ń yìn mí lórí fóònù pé fọ́tò náà mọ́ gaara. Ẹyin eṣinṣin ni.

“Kí lo rí?”

Mo nu lẹ́ńsì, mo tún wò ó.

“Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kí lo rí?”

Mo ní, “Màmá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.” Lẹ́ńsì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ máṣíìnì. Mo pe àbúrò mi. Mi ò lè sọ ohun tí mo rí fún un, mo kàn ń pariwo pé, “Gbé mọ́tò ẹ wá. Gbé mọ́tò ẹ wá.” Ó wá. Kò bi mí ní ohunkóhun, ó gbé Màmá sẹ́yìn mọ́tò, ó ṣí gbogbo wíńdò.

Obìnrin ni dókítà tó rí wa ní ilé ìwòsàn ńlá, ọmọ kékeré, kò tó ọgbọ̀n ọdún. Ó nu ẹyin eṣinṣin náà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jù ú sínú abọ́ irin, kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Dókítà, kòkòrò yẹn ńkọ́?” Ó ní, “Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, Mà. Ibi tó ti kú ni eṣinṣin rí tó fi yé síbẹ̀. Èyí tó pa ẹsẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ó ti ń gun òkè.” Ó ní àfi kí àwọn gé e lókè orúnkún, bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á wọ gbogbo ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé wọn wá ní oṣù tó kọjá ni, ìka kan péré ni àwọn ì bá gé.

Màmá kọ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. “Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì? Ẹsẹ̀ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ méjì yìí? Kò ṣeé ṣe.” Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú bẹ́ẹ̀dì, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọn ò wojú rẹ̀. Wọ́n ní, “Dókítà, gbọ́ mi. Ta ló ní kòkòrò wà níbẹ̀? Ọmọ mi obìnrin yìí ló ń bá mi wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wò ó níṣojú yín. Bó bá ní ó wà, ẹ gé e. Bó bá ní kò sí, ẹ gbé mi lọ sílé mi.”

Dókítà yíjú sí mi. Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ lábù lẹ̀ ń ṣe ni, Mà?”

Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dá a lóhùn. Wọ́n gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Wọ́n ní, “Ó ju lábù lọ.”

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi fún yín. Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti dáyé ni, mo rí i gbà níbẹ̀, níwájú dókítà, níwájú àbúrò mi. Ó dùn mí wọ eegun. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Màmá, kámẹ́rà mi ò lè rí irú kòkòrò tí wọ́n ń wí. Èyí tó ń rìn, tó ń fò, ni kámẹ́rà mi ń rí. Eléyìí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo fi ọdún mẹ́wàá wò ó, mi ò lè rí i. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Nígbà wo lo mọ̀?”

“Láti inú kẹ̀kẹ́, Màmá. Ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì bọ̀.”

Mo gbọ́ tí àbúrò mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá ò pariwo. Ì bá dára kí wọ́n pariwo, ká ní wọ́n ṣépè fún mi pàápàá, ara ì bá tù mí díẹ̀. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Wọ́n ní, “Kí lo wá ń wò?”

Mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí dókítà, wọ́n ní kó gbé bébà wá. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ sínú yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tó fi hàn wọ́n. Mo fẹ́ fi etí ìró mi bá wọn nu yíǹkì kúrò. Wọ́n fa ọwọ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní iṣẹ́ náà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ara wọn gbóná lálẹ́, kò sì wálẹ̀ mọ́. Ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ kí a tó dé. Àbúrò mi ló ń fún wọn lómi mu, òun ni wọ́n ń pè. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, wọn ò ní fi nǹkan kan kún un.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, àbúrò mi lọ ra oògùn, ó ku àwa méjì. Mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà lábẹ́ aṣọ tẹ́ pẹrẹsẹ, mi ò jẹ́ kí ojú mi lọ síbẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ bi mí ní ohun tí mò ń wò níjọ́sí, mi ò dáhùn. Ojú yín ni mò ń wò. Gbogbo Sátidé tí mo bá dé, tẹ́ ẹ ti wẹsẹ̀, tẹ́ ẹ ń retí mi, inú yín máa ń dùn sí mi. Ẹ ò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kó tán.” Mo ti ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́nu mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Wọ́n pa ojú dé, mo rò pé wọ́n ti sùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ṣé ojú mi ni egbò wà ni?”

Wọn ò bínú sọ ọ́. Wọ́n béèrè ni, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀.

Mo ní, “Rárá, Màmá. Ẹsẹ̀ yín ni.”

Wọ́n ní, “Ẹn-hẹ́n.” Wọ́n yíjú sí ògiri. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n kú.